Ọ̀dọ̀ Ta Lẹ Wọ̀ Sí? Ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ̀" àti Ilé Àlejò ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí mo lọ ṣe ìwádìí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní àdúgbò Ouando ni mo wọ̀ sí. Yàrá mẹ́fà péré ló ní. Aṣọ àdìrẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, ìyá tó ni ilé náà fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ àárọ̀ wá fún wa. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ẹlẹ́kọ kan ní ọjà Ouando bi mí pé:

(1) Ọ̀dọ̀ ta lẹ wọ̀ sí?

Mo ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Ó wò mí tàánútàánú. "Ẹ ò ní èèyàn ní Àjàṣẹ́ ni?" Ó fi ẹ̀kọ méjì ṣe ènì fún mi.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi tẹ́lẹ̀ pé "níbo" ni (1) ń béèrè. Àánú ìyá yìí ló jẹ́ kí n pa á rẹ́. Ẹ wo (2):

(2) a. Mo wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì.
b. Mo wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.
d. *Mo wọ̀ sí ọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹni, tàbí ohun tí a kà sí ẹni, ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọ̀dọ̀. Ohun tí (1) ń béèrè ni ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí àìsàn bá dé sí mi lóru.

Centre Songhaï, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, wà ní Ouando kan náà. Oko àti ibi ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ó sì ní yàrá fún àlejò. Ní etí tèmi, "mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Songhaï" dára, ṣùgbọ́n "mo wọ̀ sí ọ̀dọ̀ Songhaï" kò dún dáadáa. Olùkọ́ ni Songhaï nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Nínú èkejì, ilé lásán ni.

Maison d'hôtes ni èdè Faransé ń pe irú ilé tí mo wọ̀ sí. Hôte lè jẹ́ àlejò, ó sì lè jẹ́ ẹni tó gbà á. Àlejò tiwa kò kan onílé rárá. Ilé èrò inú Bíbélì tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń kọjá lọ ni èrò, bí èrò ọkọ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Ouando.

Ní ọjọ́ kẹta, mo yí ìdáhùn mi padà: "Ọ̀dọ̀ ìyá kan lẹ́yìn ọjà ni mo wọ̀ sí." N kò parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alaalẹ́ ni mò ń sanwó yàrá. Ojú ìyá ẹlẹ́kọ tú ká. "Ẹ bá mi kí wọn o."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá onílé ní èwo nínú àwọn ẹlẹ́kọ ni.