Ipa Tí Òfin Lè Kó Nínú Dídẹ́kun Ìsanrajù

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá ti ìdálẹ̀ padà wálé pẹ̀lú ikùn ńlá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó kún, ìdùnnú ni àwọn ará ilé fi ń pàdé rẹ̀. Wọn a ní ìdálẹ̀ gbè é. Lónìí, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti jẹ́ kí ó yé wa pé ìsanrajù a máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ikùn ẹni kò kan ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ tí ó jìnnà sílé, ní Kánò tàbí Kàdúná. Kò sí ẹni tí ń se ẹ̀fọ́ dè é. Ohun tí ó bá rí létí títì ni yóò rà, ẹlẹ́rìndòdò tútù ni yóò sì mu lé e. Kò mọ ìwọ̀n ṣúgà tí ó wà nínú ìgò náà. Ẹni tí ó pò ó ni ó mọ̀. Níbí gan-an ni òfin ti wúlò.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò dákẹ́. Nínú Òfin Ìṣúná tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2021, a bu owó-orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò. Ìgbésẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: iye kan náà ni a bù lé èyí tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré. Lórí ìgò ìlàjì lítà, ₦5 péré ni. Ilé iṣẹ́ lè ti ẹrù náà sórí ẹni tí ń rà, kí ó má sì dín ṣúgà kù rárá.

Ọ̀nà mìíràn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Òfin tiwọn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìwọ̀n ṣúgà ni ó wò. Èyí tí ṣúgà rẹ̀ kò tó gíráàmù 5 nínú mìlílítà 100 kò san nǹkan kan. Èyí tí ó tó gíráàmù 8 ni ó san jù lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ọdún 2016 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń dín ṣúgà kù, kí òfin tó mú wọn.

Ó yẹ kí ìjọba wa fi èyí kọ́gbọ́n: kí owó-orí máa tẹ̀lé ìwọ̀n ṣúgà, kí omi mímu tí ó mọ́ sì wà ní àrọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù. Kí àwa náà kó ara wa níjàánu. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ.