Ṣé O Mọ̀? Erékùṣù Tí Kò Ní Ọ̀tá

Ṣé o mọ̀ pé Myst, eré kọ̀ǹpútà tí Rand Miller àti àbúrò rẹ̀, Robyn, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993, kò ní ìjà, kò sì ní aago tó ń lé ni? Síbẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ tó tà lé ní mílíọ̀nù 6. Àwọn kan ní ẹwà àwòrán rẹ̀ ló fa èrò. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán a máa di àtijọ́. Eré yìí kò di ìgbàgbé, wọ́n tún un ṣe ní 2020. Ohun tó ń fani mọ́ra ni pé ojú ara ẹni la fi ń wo erékùṣù àjèjì tí eré náà ti ń wáyé, láìsí atọ́nà. Àkíyèsí ló ń ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹni tó bá tú àdììtú tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọgbọ́n orí òun ló ṣe é.