Ẹ̀fọn Kò Mọ Ọmọ Onílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Lọ́dọọdún, bí oṣù keje bá ti wọlé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ti gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ ọmọ Bétérou tí ń gbé ní Kútọnù tàbí ní ilẹ̀ Faransé a máa mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Àwọn ọmọ wọn kì í pẹ́ béèrè odò. Kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀ tán, wọ́n ti gba ọ̀nà Ouémé lọ, láti lúwẹ̀ẹ́, láti mòòkùn ní ibi tí omi kò ti le, láti wo bí àwọn apẹja ṣe ń ju àwọ̀n. Inú wa a máa dùn láti rí wọn. Ṣùgbọ́n àsìkò ìsinmi yìí kan náà ni òjò ń rọ̀ jù lọ ní agbègbè Tchaourou, òun náà sì ni ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti pẹ́ ní Paris mú ọmọ rẹ̀ méjì wá sinmi. Mo ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí yàrá wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àbúrò mi, ṣé àlejò ni mo dà ni? Àárín ẹ̀fọn yìí ni wọ́n bí mi sí." Kò ra oògùn kankan kí ó tó gbéra. Wọ́n lò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n padà. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ara àbúrò nínú àwọn ọmọ náà fi gbóná. Wọ́n pè é ní òtútù lásán. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé ibà ni. Ọlọ́run bá wa ṣé, ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ó lo ọjọ́ púpọ̀ ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le.

Kí ló fà á? Ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ láti kékeré, tí ibà sì ń ṣe léraléra, ara rẹ̀ a máa kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò ibà jà. Ẹ̀kọ́ yìí kì í lé ibà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó tètè pa àgbàlagbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ara dà bí ọ̀rọ̀ ìwé. Àwa tí ń kọ́ àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ̀ pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ìwé fún ọdún díẹ̀ yóò gbàgbé lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tí ó kúrò nílé ṣe ń gbàgbé ìjà ibà. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ kọ́ ọ rí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó lọ kí ẹbí wọn nílé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé ibà wọ̀lú, kì í ṣe òyìnbó arìnrìn-àjò. Òyìnbó bẹ̀rù, ó sì lo oògùn. Ọmọ onílé fọkàn balẹ̀.

Láti ọdún 1880 ni dókítà Laveran ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní Àlùjíríà. Ní 1897 ni Ross fi hàn ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò náà ń dàgbà. Abo ẹ̀fọn tí a ń pè ní Anopheles ni ó ń gbé e kiri. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń jẹni. Kò nílò odò ńlá kí ó tó yé ẹyin: omi òjò tí ó dúró sí ojú ẹsẹ̀ màlúù, tàbí sí kòtò tí a ti wa amọ̀ bíríkì, ti tó o.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun rí dókítà ní bí oṣù kan ṣáájú ìrìn àjò. Chloroquine àtijọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́ níhìn-ín. Atovaquone pẹ̀lú proguanil ni a ń lò lójoojúmọ́, láti ọjọ́ kan ṣáájú ìrìn àjò títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Doxycycline wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún aláboyún tàbí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a sì gbọ́dọ̀ lò ó sí i lẹ́yìn tí a bá padà. Mefloquine lè kọ́ni lójú, nítorí náà kò yẹ ẹni tí ń lọ mòòkùn. Ẹni tí ó bá dá oògùn dúró ní ọjọ́ tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Ní odò fúnra rẹ̀, ọ̀tá mìíràn wà. Ní ojúmọmọ, ní ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta, eṣinṣin dúdú kékeré kan ń jẹni; òun ni ó ń gbé àrùn ìfọ́jú odò kiri. Ní 1974, orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí tiwa wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan tí bàálù fi ń fọ́n oògùn sí odò láti pa ìdin rẹ̀. Ètò náà parí ní 2002. Ẹni tí ó wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í sábà kó àrùn náà, nítorí pé ìjẹni rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an. Síbẹ̀ ojú ibi tí ó bá jẹ a máa wú, a sì máa yúnni. Bí ọmọ bá ti jáde nínú omi, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn. Kí a fi ìpara tí ń lé kòkòrò pa á lára, kí a sì tún un pa nígbàkigbà tí omi bá fọ̀ ọ́ nù. Bí a bá ń lo ìpara oòrùn, òun ni kí ó ṣáájú. Kí oòrùn tó wọ̀, kí gbogbo wọn ti kúrò létí odò.

Ẹ̀yin onílé, ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn fún àlejò yín, kí etí rẹ̀ sì wọ abẹ́ ẹní dáadáa. Ẹ da omi inú kòtò àyíká nù. Bí wọ́n bá ń lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún oúnjẹ tí ẹ di fún wọn: bí ara ọmọ bá gbóná láàárín oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé, "Bénin ni a ti dé."

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá ní ọdún kejì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó béèrè ìṣó tí yóò fi ta àwọ̀n.