Ṣé O Mọ̀? Ìgèdè-Èkìtì ni orísun odò Ọ̀ṣun

Bí a bá dárúkọ Ọ̀ṣun, Òṣogbo ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ṣé o mọ̀ pé:

• Ìgèdè-Èkìtì, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, ni odò náà ti ń ṣẹ̀ wá?

• Ó ń ṣàn gba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá títí tó fi ń wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, lágbègbè Ẹ̀pẹ́?

• Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí odò yìí là kọjá, di ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO ní 2005?

• Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣéjìrẹ́, kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu?

• Àjọ ìjọba àpapọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ omi rẹ̀ kàn? Èkìtì wà lábẹ́ àjọ Benin-Owena, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Bìní. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lábẹ́ àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun, tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ohun tó bá ba omi jẹ́ lókè odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò mu ún. Ẹ má ṣe da ilẹ̀ sódò, ẹ má sì gé igi etí odò.