Rọ́bà epo àti rọ́bà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Rọ́bà epo ni rọ́bà gbọọrọ oníhò tí epo bẹntiróòlù ń gbà láti inú táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Rọ́bà ọ́ìlì ni èyí tí ó ń gbé ọ́ìlì wọ ẹ́ńjìnnì tí ó ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n wà ní etí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn apẹja àti awakọ̀ èrò ń lo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré tí à ń lò lórí ọ̀sà kò ní ọ́ìlì nínú ikùn bí ti mọ́tò. Inú epo ni a ń po ọ́ìlì mọ́, nígbà púpọ̀ ní ìwọ̀n lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 50 epo. Nítorí náà, bí epo bá dín kù, ọ́ìlì náà dín kù. Písítìnì yóò gbóná jù, yóò há mọ́ sílíńdà, ọkọ̀ yóò sì dúró láàrin omi pẹ̀lú èrò inú rẹ̀.

Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ń fa epo ni. Bí rọ́bà bá là níbi tí pọ́ǹpù ti ń fà á, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé, epo lè má kán sílẹ̀ rárá. Rọ́bà tí ara rẹ̀ gbẹ lójú lè ti bàjẹ́.

Àmì pé ó ti gbó

Oòrùn, epo àti iyọ̀ inú omi ọ̀sà ń ba rọ́bà jẹ́. Èyí tí ó ti gbó máa ń le gbagidi, tàbí kí ó rọ̀ jù tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó máa ń là wẹ́wẹ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí awakọ̀ ń fún kí ẹ́ńjìnnì tó jó tún jẹ́ àmì. Bí ó bá kọ̀ láti le lẹ́yìn tí a fún un, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Bí ó bá rún nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìdènà wà ní ọ̀nà táǹkì, tàbí pé a kò ṣí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Yíyan tuntun

Inú ihò ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yìn rọ́bà. Mìlímítà 6, 8 àti 10 ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ó kéré jù yóò dín epo kù. Èyí tí ó tóbi jù kò ní dì mọ́ ẹnu irin dáadáa.

Rọ́bà omi ọgbà kò yẹ fún epo, nítorí bẹntiróòlù ń bà á jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà àti Brasil, tí wọ́n ń po etanọ́ọ̀lù mọ́ epo, a nílò rọ́bà tí ó lè fara dà á. Ìwé òṣùwọ̀n SAE J1527 pín rọ́bà epo ọkọ̀ ojú omi sí irú: A ni èyí tí ó lè fara da iná fún ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀, B kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 1 kì í jẹ́ kí òórùn epo jáde púpọ̀, ó sì yẹ fún ibi tí epo máa ń wà nígbà gbogbo. ISO 7840 àti ISO 8469 náà jẹ́ òṣùwọ̀n tí a ń tẹ̀ sára rẹ̀. Rọ́bà tí kò ní àkọlé kankan kò ní ẹ̀rí.

Rọ́bà ọ́ìlì kéré ju ti epo lọ. Ọ̀pọ̀ ni a lè rí inú rẹ̀, kí a lè mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ́ìlì. Kò yẹ kí a fi rọ́bà dúdú tí a kò lè rí inú rẹ̀ rọ́pò irú èyí.

Ìfisípò

A gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní etí omi, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, jìnnà sí iná, nítorí èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọfà ara bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Kílípù onírin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ, kì í ṣe wáyà, a kò sì gbọ́dọ̀ fún un títí yóò fi gé rọ́bà. Rọ́bà kò gbọ́dọ̀ ká kọ́rọ́, kò sì gbọ́dọ̀ kan ibi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, a ó fún bọ́ọ̀lù títí yóò fi le, a ó sì wo gbogbo oríkèé kí a tó tan ẹ́ńjìnnì.