Láti Lómé sí Ìdáàṣà: Ìrìn Àgbà sí Ilé Ọyẹ́



Bí ọjọ́ ìrántí àwọn olóògbé ní oṣù kọkànlá bá ti kọjá, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ni wọ́n máa ń dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti bi wá pé, “Ṣé ẹ tún ń lọ?” Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń káàánú wa, àwọn ọmọ wa ní tiwọn sì ń bínú. Tọkọtaya àgbà ni wá, a ti fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀sì kékeré wa sì dàgbà ju gbogbo ọmọ-ọmọ wa lọ. Síbẹ̀, ọdọọdún ni a ń gbé e kúrò ní Lómé lọ sí ilé wa ní Ìdáàṣà, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Dassa-Zoumé, láti lo ìgbà ọyẹ́ níbẹ̀. Nítorí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn láàárín òbí àti ọmọ nínú ilé mélòó kan, wọ́n ní kí a kọ bí a ti ń ṣe é sílẹ̀ fún ojú ìwé ìdílé.

Kì í ṣe àwa ni a dá àṣà náà sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó máa ń wa ọkọ̀ tí a ṣe bí ilé, tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, lọ sí Florida tàbí Arizona nígbà tí òjò dídì bá dé sí ìlú wọn. Orúkọ ẹyẹ ni wọ́n fi ń pè wọ́n: ẹyẹ òjò dídì. Àwọn ará Yúróòpù ń ṣe irú rẹ̀ lọ sí Mòrókò, a sì ti rí díẹ̀ nínú wọn tí wọ́n gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tí wọ́n wá pàgọ́ sí etíkun Avépozo nítòsí wa níhìn-ín. Òtútù ni àwọn wọ̀nyí ń sá fún. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ibi tí ooru òkun ti ń mú ara rin ni àwa ń fi sílẹ̀, tí a ń wá ibi tí alẹ́ ti tutù, tí aṣọ sì ń gbẹ kí ènìyàn tó sá a tán.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń gbé wa lọ. Fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Lómé. Èkejì ń ta aṣọ ní Asigamé, títí iná fi jó ilé ọjà ńlá náà ní oṣù kìíní ọdún 2013. Ọ̀kan ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, èkejì ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. A bí ọmọ, a tọ́ wọn, a sin àwọn òbí wa, a ń jọ kúnlẹ̀ ní Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n kí á jọ jókòó kí á máa sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan, a kò ráyè rẹ̀. Nígbà tí ìfẹ̀yìntì dé, ilé há mọ́ wa. Èyí ọkọ ń wá ohun tí yóò tún ṣe kiri àgbàlá. Èyí ìyàwó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ má bá òun to ìkòkò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì mọ ohun tí a ń wí. Inú ọkọ̀ yìí ni a ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara wa.

Ọkọ̀ náà kò ní ohun àrà kankan. Mẹkáníìkì bá wa yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀. Káfíńtà kan ibùsùn pákó sí àyè tí ó ṣófo, ó ṣe àpótí sí abẹ́ rẹ̀, a tẹ́ fóòmù lé e, a ta kọ́tìnì sí ojú fèrèsé. A ní kẹ́ẹ̀gì omi méjì, àga méjì tí ó ṣeé ká, àti sítóòfù kékeré tí a kì í tàn àfi bí ọkọ̀ bá dúró tí a sì ti gbé e síta. Ère Ìyá Wa wà níwájú, àpótí oògùn wà ní ibi tí ọwọ́ lè tó. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ kí a dárúkọ ní gbangba: póò. Tákísì kì í dúró nítorí ìtọ̀ àgbà. Tiwa ń dúró. Bí ènìyàn bá ti fi ọjọ́ kan jókòó fún wákàtí mẹ́ta láàárín èrò mẹ́rin, tí ó sì ń ti ojú láti sọ̀rọ̀, yóò mọ ìdí tí a fi ra bọ́ọ̀sì.

Ìwé ṣe pàtàkì ju fóòmù lọ. Ìwé ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, ìwé ọkọ̀, àti káàdì ìbánigbófò tí a ń pè ní “carte brune”, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1982, kí ìbánigbófò tí a gbà ní Lómé lè gbà wá sílẹ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Láti 1979 ni àdéhùn sì ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ECOWAS lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì dúró níbẹ̀ títí dé 90 ọjọ́. Àwọn tí wọ́n kéré sí wa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹnubodè kò lè tì mọ́. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, Tógò ti ẹnubodè orí ilẹ̀, ó sì di oṣù karùn-ún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Kérésìmesì méjì ni a ṣe ní Lómé pẹ̀lú àpótí tí a kò lè dì. Láàárín ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan kú ní Ìdáàṣà. Orí fóònù ni a ti gbọ́ orin ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí a sì dé ibẹ̀ níkẹyìn, ikán ti jẹ òpó ẹ̀yìn ilé, ẹnì kan sì ti gbin ẹ̀gẹ́ dé ẹsẹ̀ ògiri wa, nítorí ó rò pé a kò ní padà wá mọ́. Kò bá wa jà, àwa náà kò bá a jà. A jẹ́ kí ó kórè ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ilé tí a kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó di ti ẹlòmíràn.

Nǹkan bí 350 kìlómítà ni ọ̀nà náà. Ọ̀dọ́ lè sáré rẹ̀ tán lóòjọ́. Ọjọ́ méjì ni a fi ń rìn ín.

Agogo márùn-ún ìdájí ni a ń jáde ní Lómé, kí àwọn ọkọ̀ ńlá èbúté tó gba ọ̀nà. A kọjá Baguida, a kọjá Agbodrafo, a dé Kpémé níbi tí wọ́n ti ń kó fọ́sífétì sínú ọkọ̀ òkun. Lápá ibẹ̀ títí dé Aného, òkun ti jẹ ilẹ̀ wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dun ni láti wò. Ibi tí ilé àti igi àgbọn wà nígbà èwe wa, omi ni ó wà níbẹ̀ nísinsin yìí. Lẹ́yìn Aného ni ẹnubodè Hillacondji. Níbẹ̀ ni a ti ń pàdánù wákàtí kan, nítorí aago Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú ti Tógò. Ẹ má fojú kékeré wo èyí: ẹni tí ó ń lo oògùn ìfúnpá tàbí ti àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè bí yóò ti máa lò ó bí aago bá yí padà. Àwa fi aago kan sílẹ̀ sí àkókò Lómé nínú àpótí oògùn, òun ni a ń tẹ̀ lé títí a ó fi padà. Owó kò yí ní tirẹ̀, fráǹkì CFA kan náà ni.

A sọdá odò Mono, a gba Comè, nígbà tí oòrùn bá sì kàn wá lórí a ti dé Wídà. Níbẹ̀ ni a ń sùn. Ojúlùmọ̀ wa kan ń jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ sí àgbàlá rẹ̀, a ń ra àkàsà àti ẹja díndín, a ń sùn lọ́sàn-án, a sì ń lọ kí Jésù ní Bàsílíkà nírọ̀lẹ́. Ní Wídà ni Fadá Borghero àti ẹnìkejì rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹrin ọdún 1861. Ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Saint-Gall ni wọ́n sin Kádínà Gantin sí, ẹni tí ó kú ní 2008, Póòpù Benedict kẹrìndínlógún sì wá gbàdúrà ní ibojì rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2011. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ń gbé àga méjèèjì síta, a ń ka Rosári, lẹ́yìn náà a ń sọ̀rọ̀ títí oorun fi ń kùn wá.

Ní ọjọ́ kejì a ń yà ní Godomey, kí á má bà á wọ inú Kútọnu rárá, a sì gba Calavi lọ sí Allada. Ọ̀pẹ òyìnbó Allada kò ní ẹgbẹ́. A máa ń rà á fún àwọn tí a ń lọ bá. A kì í ra epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí ó sun lórí fóòmù kò gbọdọ̀ fi iná ṣeré. Bohicon ní ariwo, a kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọ̀nà láti Bohicon sókè ni àwọn tírélà tí ó bàjẹ́ ti máa ń dúró láìtan iná, ewé igi lásán ni wọ́n fi ń ṣe àmì lẹ́yìn wọn. Ní ọdún tó kọjá, dókítà ojú sọ fún èyí ọkọ nínú wa pé awọ ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn ọmọ yọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ìdáàṣà parí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá bi í léèrè pé, “Bàbá, ṣé nítorí kí ẹ lè di ìdarí mú ni a ṣe ń lọ, tàbí nítorí ilé?” Kò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Sátidé ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ìrìn náà ni ó dùn jù nínú gbogbo èyí tí a ti rìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwa méjèèjì jọ jókòó lẹ́yìn. Bàbá ń wo igbó Lama bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, nítorí pé ojú títì nìkan ni ó ti ń wò láti ọdún yìí wá. Nígbà tí àwọn òkè àpáta Ìdáàṣà yọ nínú kùrukùru ọyẹ́, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé òkè 41 ni ó yí ìlú náà ká. A kò tíì kà wọ́n. Ìlú náà ti ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láti 1995. Ní oṣù kẹjọ, ní àkókò Ìgbàsókè Màríà, èrò ìrìnàjò mímọ́ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí àyè ní ihò àpáta Ìyá Wa ti Arigbo. Ní ìgbà ọyẹ́ ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ènìyàn lè jókòó lórí òkúta fún wákàtí kan kí ó má rí ju ìyá àgbà mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọdé ládùúgbò ń fi èdè Ìdáàṣà rẹ́rìn-ín Lómé tí ó wà lẹ́nu wa, wọ́n ń gún iyán fún wa, àwọn ìbátan ń wá sọ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ìgbéyàwó fún wa, a sì ń bá wọn parí èyí tí a bá lè parí. Kí Ọjọ́rú Eérú tó dé, a ti padà sí Lómé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní òbí àgbà, ẹ̀rù tí ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù asán, a kò sì ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bákan ṣáá. Ẹ mú wọn lọ rí dókítà kí oṣù kọkànlá tó parí. Ẹ wo táyà àti bíréèkì fúnra yín. Ẹ wá awakọ̀ tí kò níí sáré, kí ẹ sì san owó ọjọ́ méjì fún un kí ó má bà á kánjú. Ó sàn kí ẹ ná owó náà síbẹ̀ ju kí ẹ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún wọn láti máa wò nínú ilé tí wọn kò fẹ́ jókòó sí.

Ní ọdún yìí, a ó gbéra ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìsinmi kìíní ti Ádífẹ́ńtì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni yóò wa ọkọ̀. Ààyè ènìyàn méjì ṣì wà lórí ìjókòó àárín. Bí ẹ bá mọ bàbá tàbí ìyá kan nínú ìjọ wa tí ń lọ sí apá Bohicon tàbí Ìdáàṣà, kí ó wá bá wa lẹ́yìn Mísà kejì. Kí ó mú ìrọ̀rí tirẹ̀ wá.