Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ń Jẹ́ Bill

Ẹni tó bá ti mọ ìwé kà, kò lè rìn lójú ọ̀nà mọ́ kí ojú rẹ̀ má máa kàwé. Bí ẹ bá ń lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìjagun, níbi tí a dá Yunifásítì Tai Solarin sílẹ̀ sí ní 2005, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ògiri tí a fi ọ̀dà kọ báyìí sí: POST NO BILL.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹni tó mọ post mọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ á rò pé lẹ́tà ni wọ́n ní kí òun má fi síbẹ̀. Ẹni tó mọ bill mọ́ ìwé owó iná á ní, “Ṣé wọ́n ní kí NEPA má mú bíìlì wá mọ́ ni?” Ì bá mà dára o! Ohun tí onílé ń wí ni pé: ẹ má lẹ ìwé mọ́ ògiri mi. Ìwé ìpolówó ọjà, ìwé olóṣèlú, ìwé ìsọjí, ìwé ìkéde òkú, bill ni gbogbo wọn níbẹ̀. (Lójú tèmi, ọ̀dà gàdàgbà tí onílé fi kọ ọ́ a máa ba ògiri jẹ́ ju ìwé tó ń sá fún lọ. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ni.)

Báwo ni ìwé ara ògiri ṣe wá ń bá ìwé owó iná jẹ́ orúkọ kan náà? Láyé àtijọ́, èdè Látìn ni àwọn akọ̀wé Òyìnbó fi ń kọ ìwé. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́ ìwé pàtàkì ń jẹ́ bulla. Nígbà tó yá, orúkọ òǹtẹ̀ di orúkọ ìwé fúnra rẹ̀, ó sì wá di bill lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ni láti ìpilẹ̀. Ohun tí ìwé náà ń wá ló yàtọ̀: ọ̀kan ń wá oníbàárà, ọ̀kan ń wá owó, ọ̀kan ń wá àṣẹ.

Èyí tó ń wá owó ni ẹ ó máa bá pàdé jù, òun náà ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, IBEDC ló ń mú ti iná wá láti ìgbà tí ìjọba ti ta ilé iṣẹ́ iná fún aládàáni ní 2013, bí ẹnu wa tilẹ̀ ṣì ń pè é ní NEPA. Ẹ má kàn wo iye owó ìsàlẹ̀ kí ẹ bú sí igbe. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì: ṣé ti ilé yín ni? Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà méjì tí a kà lára mítà, ti oṣù tó kọjá àti ti oṣù yìí. Ká ní ti oṣù tó kọjá jẹ́ 4210, ti oṣù yìí jẹ́ 4285. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ nínú ìkejì, ó ku 75. Ìwọ̀n iná tí ẹ lò nìyẹn. Iye owó ìwọ̀n kan lọ́nà 75, pẹ̀lú owó orí tí ìjọba fi lé e, ni gbèsè oṣù náà. Ẹ wá lọ sídìí mítà, kí ẹ fojú ara yín wò ó. Bí mítà bá wà ní 4240, tí ìwé sì ń wí 4285, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i, ní kíkọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ arrears. Àjẹsílẹ̀ ni. Ẹni tó gba ilé tuntun lè bá àjẹsílẹ̀ ayálégbé tó ti kó lọ nínú bíìlì àkọ́kọ́. Kí ẹ tó sanwó ilé ni kí ẹ ti ní kí wọ́n fi ìwé iná hàn yín, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti kó ẹrù wọlé.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bí ẹnìkan bá ń tọrọ owó lọ́wọ́ wọn ṣáá, wọ́n á ní, “Ó tún ti ń bill mi.” Ní Amẹ́ríkà, owó bébà ni bill. Bí ẹ bá rí i pẹ̀lú lẹ́tà ńlá níwájú, ó lè jẹ́ orúkọ ènìyàn: Ààrẹ Bill Clinton tó wá sí Nàìjíríà ní 2000, William gan-an ni wọ́n sọ ọ́. Àgógó ẹnu ẹyẹ náà ń jẹ́ bill, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bá àwọn yòókù tan. Wọ́n kàn jọ ń jẹ́ orúkọ kan ni.

Ó ku èyí tó ń wá àṣẹ, tí a ń gbọ́ lórí rédíò. Àbádòfin ni a ń pè é ní Yorùbá, ìyẹn ìwé tí àwọn aṣòfin ṣì ń gbé yẹ̀wò. Kò tíì di òfin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Ẹ gbọ́ pé bíìlì kan ti kọjá kíkà kejì ní Àbújá, ẹ ti ń wá onílù. Ẹ sinmi ná. Ní kíkà àkọ́kọ́, àkọlé rẹ̀ ni wọ́n kà. Ní kíkà kejì, wọ́n jiyàn lórí bóyá ó yẹ kó tẹ̀ síwájú. Ìgbìmọ̀ kékeré á tú u wò, kí kíkà kẹta tó dé. Ilé kejì á tún ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò dé iwájú Ààrẹ, tó ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀.

Ó kan àwa Ìjẹ̀bú gidi, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń béèrè Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí àwọn ológun dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, 1976, kò sí bíìlì, kò sí kíkà. Wọ́n pàṣẹ, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìwé òfin 1999, ọ̀nà náà gùn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú agbègbè, láti Àbújá dé káńsù, ni yóò béèrè fún un. Àwọn ará agbègbè á dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta á gbà. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ á fọwọ́ sí i, kó tó wá kan ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì. Láti 1999 títí di ìparí 2024, ìpínlẹ̀ tuntun kan kò gba ọ̀nà yìí já.

Nítorí náà, bí rédíò bá dárúkọ bíìlì, ẹ tẹ́tí sí ibi tó dé. Ọjọ́ tí a bá buwọ́ lù ú ni orúkọ bill ń kúrò lára rẹ̀: ti Àbújá á di Act, ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á di Law.